Etí mi ń dún wíìn nígbà tí gbogbo ilé bá dákẹ́: ẹ̀yin tó ń fi íápíìsì ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àyọ̀_Mókólá, Ìbàdàn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: ìpàdé, ìwàásù, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lójúmọ́, íápíìsì wà létí mi. Fèrèsé mi kọjú sí ibi tí ará ilé wa gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí, àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" yẹn. Bó bá ti tan án, mo máa gbé fọ́líọ̀mù dé òkè pátápátá. Tí mi ò bá gbé e, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Lóru ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò, NEPA kò sì mú iná wá. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ni mo bá ń gbọ́ "wíìììn" kan tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀fọn tó ń fò bọ̀ àmọ́ tí kì í dé. Mo rò pé ṣájà fóònù ni, mo yọ ọ́. Mo ní inverter ni, mo pa á. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé tọ́ọ̀ṣì bọ́ sí kọ́rídọ̀, mo dúró síbẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi jáde. Mo fi ìka di etí méjèèjì, ló bá tún le sí i. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé inú orí mi ló wà.

Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ṣé ó máa lọ? Àbí kí n wá iṣẹ́ mìíràn?

Jagunlabí07

Wọ́n ń sọ ẹ́ níbì kan ni. Etí ọ̀tún ni àbí tòsì? Tó bá jẹ́ ọ̀tún, owó ń bọ̀ 😂

Àyọ̀_Mókólá

Méjèèjì ni. Ó ní láti jẹ́ pé owó ń bọ̀, wọ́n sì ń sọ mí nítorí ẹ̀.

Ẹnjinnía_Ohùn, Ìkẹjà

Àbúrò, má tẹ̀ lé Jagunlabí rẹ́rìn-ín. Ọdún 19 ni mo fi jókòó nídìí mísà fún àwọn olórin lóde ìnáwó. Etí òsì mi ló máa ń kọjú sí sípíkà. Lónìí, tí ìyàwó mi bá pè mí láti apá òsì, mo máa mọ̀ pé ẹnìkan sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni mi ò ní mọ̀. Ó ti tó ìgbà mẹ́ta tó bá mi jà pé mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Jẹ́ kí n ṣe ìṣirò fún ẹ, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ibi tí wọ́n wà. Decibel, tí wọ́n ń kọ ní dB, ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó. Kì í gòkè bí ìgbà tí èèyàn ń ka owó. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, agbára tó ń wọ etí rẹ ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ìwọ lè má tilẹ̀ fura pé ohunkóhun yí padà. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 83, wákàtí 20 ló kù. Tó bá di 86, ó di 10. Ní 89, márùn-ún. Ní 92, méjì àbọ̀. Ní 95, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Kó tó dé 101, kò tó 20 ìṣẹ́jú mọ́, lọ́sẹ̀ kan gbáko o, kì í ṣe lójúmọ́.

Ọ̀pọ̀ fóònù àti íápíìsì lè kọjá 100 tí o bá gbé e dé òkè. Ìwọ náà wá wò ó: o ti ná owó oṣù ọ̀sẹ̀ kan tán kí o tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Jagunlabí07

"Owó oṣù ọ̀sẹ̀ kan." Ẹnjinnía, iṣẹ́ wo ló ń sanwó báyẹn, kí n wá síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Etí, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kọkànlá rèé. Kí n tó sọ nǹkan kan, Àyọ̀, dá mi lóhùn ná. Ṣé etí kan ṣàdédé dí lọ́jọ́ kan? Ṣé ohùn yẹn ń lù kì-kì-kì bí ọkàn ṣe ń lù, àbí wíìn ló ń ṣe lọ gbọọrọ? Ṣé òòyì ń kọ́ ẹ? Ṣé o lo quinine láìpẹ́ yìí, àbí wọ́n gún ẹ ní gentamicin? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe eré nílẹ̀ wa. Ibà díẹ̀, wọ́n á ti fa abẹ́rẹ́ yọ ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì, bẹ́ẹ̀ oògùn méjèèjì yẹn mọ ọ̀nà etí dáadáa.

Bí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá jí láàárọ̀ tí etí kan kò gbọ́ mọ́ lójijì, kó má rọ òróró gbígbóná sí i, kó má sì ní òun ń wò ó títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni oògùn dókítà ti lè gbà á là.

Ní ti íápíìsì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ìlù etí, nínú lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Omi ló kún inú ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí irun tíntìntín wà lórí wọn tò síbẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn bá dé, omi yẹn á ru, irun á tẹ̀, ọpọlọ á gbọ́. Ẹ wò ó bíi koríko pápá. Bí èèyàn bá gba orí ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ á mọ́, koríko á ti dìde. Ìdí nìyẹn tí etí fi máa ń dí lẹ́yìn òde àríyá tí yóò sì là ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, ó di ojú ọ̀nà nìyẹn. Ti èèyàn kì í hù padà. Ti adìẹ máa ń hù, àwọn onímọ̀ ti rí i láti nǹkan bí ọdún 1987, títí di òní wọn ò tíì rí i ṣe fún èèyàn.

Jagunlabí07

Àṣé adìẹ tí à ń pa jẹ sàn jù wá lọ.

Àyọ̀_Mókólá

Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Kò sí òòyì. Kì í lù, wíìn ló ń ṣe lọ láìdánu dúró. Mi ò gba abẹ́rẹ́ kankan láti ọdún tó kọjá, mi ò sì lo quinine. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàkíyèsí ni pé tí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ohùn gbogbo èèyàn máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n fi òwú dí wọn lẹ́nu. Tó bá di àárọ̀, ó ti lọ. Mo rò pé àárẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì_Etí

Kì í ṣe àárẹ̀, ọmọ ìyá mi. Koríko tó ṣì ń dìde nìyẹn. Ìròyìn ayọ̀ ni lọ́nà kan, pé ó ṣì ń dìde. Lọ ṣe àyẹ̀wò etí níbi tí wọ́n ti ní yàrá tí ariwo kì í wọ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó máa fi ìka ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ tó máa ní o ń gbọ́. Kí o tó rí àyè lọ, WHO ní áàpù ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ hearWHO. Á máa ka nọ́ńbà fún ẹ láàárín ariwo, ìwọ á máa tẹ èyí tí o gbọ́. Kò rọ́pò àyẹ̀wò, àmọ́ ó tó láti mọ ẹni tó yẹ kó sáré.

Baba_Mushin

Èmi ò rí ohun tí ẹ ń da ara yín láàmú sí. Ilé tí wọ́n bí mi sí, mọ́ṣáláṣí wà lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì wà lósì, ẹ̀rọ ìlọta wà níwájú. Etí mi ti mọ́ ariwo lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra hẹ́dífóònù, tí mo bá gbé e dé ìdajì, á máa ta mí létí. Ní báyìí mo gbé e dé òkè pátá, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ẹnjinnía_Ohùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn kà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ gbígbóná iná mọ́, ṣé iná ló tutù?

Baba_Mushin

Hmm.

Àdùkẹ́_Manchester

Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Òfin ariwo ibi iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005, sọ pé bí ariwo bá dé 80 dB, òṣìṣẹ́ tó bá béèrè ohun ìdí etí, kí wọ́n fún un. Tó bá dé 85, dandan ni kí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lò ó. Ọ̀gá wa kì í fi ṣeré. Bẹ́ẹ̀ tí a bá ti ṣíwọ́, gbogbo wa á wọ bọ́ọ̀sì, oníkálukú á gbé orin sétí, á yí i sókè títí á fi bo ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn ọmọkùnrin kan, mo mọ gbogbo orin tó ń gbọ́. Òfin ò tẹ̀ lé wa wọ bọ́ọ̀sì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Àyọ̀ ni pé kì í ṣe íápíìsì gan-an ni ọ̀tá rẹ, jẹnẹrétọ̀ yẹn ni. Ìwọ ń bá jẹnẹrétọ̀ figẹ̀ wọngẹ̀, etí rẹ ló wà láàárín. Mo ra hẹ́dífóònù noise cancelling lọ́dún tó kọjá. Ó ní gbohùngbohùn kéékèèké lára tó ń gbọ́ ariwo ìta, á wá ṣe ohùn tó dojú kọ ọ́, àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Ariwo tó bá ń hó lọ bákan náà ló mọ̀ ọ́n pa jù: ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ òfurufú, fáànù. Igbe ọmọ kò rí pa, kọ̀ndọ́kítọ̀ Ọ̀jọ̀ọ́ náà kò lè rí pa. Tẹ́lẹ̀, nínú ìgbésẹ̀ fọ́líọ̀mù 15 tó wà lórí fóònù mi, mo máa ń dé 13. Ní báyìí, méje ti tó.

Tìámíyù_Hostel

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, wọ́n ní noise cancelling yẹn máa ń ba ọpọlọ jẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Etí

Ohùn tó ń gbé jáde yẹn kì í fi kún ariwo, ó ń dín in kù ni. Ó máa ń ṣe àwọn kan bí ẹni pé etí wọn fẹ́ dí, bíi tinú ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó ra oní-rọ́bà lásán tó dí ihò etí dáadáa, á rí iṣẹ́ tó pọ̀ ṣe níbẹ̀. Rọ́bà mẹ́ta tó máa ń wà nínú páálí rẹ̀ tí gbogbo yín máa ń sọ nù, kékeré, àárín, ńlá, ìdí tí wọ́n fi fi síbẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá etí yín mu ni kí ẹ lò. Tí kò bá fún dáadáa, ariwo á wọlé, ẹ̀yin á sì yí ohùn sókè.

Tìámíyù, tí ẹ bá sì ń yá ara yín ní íápíìsì nínú hostel yẹn, ẹ máa nù ún kí ẹ tó fi sí i. Etí tó ń ṣọyún, ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Tìámíyù_Hostel

Ẹ jẹ́ kí n lọ gba tèmi padà lọ́wọ́ ẹni tí mo yá.

Akínkanjú_Ọ̀kadà

Mo ra èyí tí kì í wọ inú etí, tó ń jókòó sórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ní kò lè ba etí jẹ́ nítorí kò gba etí kọjá.

Nọ́ọ̀sì_Etí

Kò gba ihò etí kọjá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ìkarahun kan náà ni eegun ń gbé e lọ. Ohun tó dára lára ẹ̀ ni pé ẹ̀ ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Aburú rẹ̀ ni pé etí yín ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ariwo títì, ẹ ó sì fẹ́ yí i sókè kí ẹ lè gbọ́ orin.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni mo bá wá. Àwọn ìbejì mi pé ọdún méje. Bàbá wọn ra tábúlẹ́ẹ̀tì àti hẹ́dífóònù fún wọn kí ilé lè dákẹ́. Ilé dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, tí mo bá pè é, á ní "Ẹẹ̀ń?" Mo bá rò pé ìdọ̀tí ló dí i létí, mo fi kọ́tìn bọ́ọ̀dù kó díẹ̀, ìyá ọkọ mi wá fi ìyẹ́ adìẹ ro ó. Kò yàtọ̀. Páálí hẹ́dífóònù náà sọ pé 85 dB ló mọ, ti ọmọdé ni.

Nọ́ọ̀sì_Etí

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi gba kọ́tìn bọ́ọ̀dù àti ìyẹ́ adìẹ yẹn lọ́wọ́ Mama, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ gbà á. Ìdọ̀tí etí mọ ọ̀nà àtijáde fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ ń tì í wọlé ni. Íápíìsì kéékèèké náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí Kẹ́hìndé wò; tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló dí i, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdùnnú yín nìyẹn.

Ní ti 85 yẹn, fún ọmọdé ó ti ga. 75 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni WHO fi lélẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì fọkàn tán ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí ọjà. Ẹ ṣe báyìí: kí ó gbé e sétí, kí orin máa lọ, kí ẹ jókòó sí ibi tí ọwọ́ yín ti lè kàn án, kí ẹ fi ohùn tí ẹ fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ pè é. Tí kò bá yíjú, ó ti pọ̀ jù.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú

Mo ṣe é báyìí báyìí. Táyé yíjú. Kẹ́hìndé kò yíjú. Mo tún pè é, mo ní "mo fẹ́ ra súùtì", kò yíjú síbẹ̀. Mo gba hẹ́dífóònù tirẹ̀ gbé sétí mi, Olúwa ló yọ mí. Wọ́n ń lo ọ̀kan náà, òun ló yí tiẹ̀ dé òkè.

Ẹnjinnía_Ohùn

Ẹ lè tì í pa lórí ẹ̀rọ, Ìyá Ìbejì. Tó bá jẹ́ Samsung, ẹ wọ Settings, Sounds and vibration, Volume, ẹ wá Media volume limit níbẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà àṣírí tì í kí Kẹ́hìndé má baà ṣí i. Lórí iPhone àti iPad, ẹ wá Headphone Safety nínú Settings lábẹ́ Sounds, kí ẹ tan Reduce Loud Audio, ẹ lè fà á wálẹ̀ dé 75. Áàpù Health inú iPhone náà ń kọ iye dB tí ẹ ti gbọ́ lọ́sẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe íápíìsì Apple ni ẹ ń lò, ìfojúdíwọ̀n ni nọ́ńbà yẹn.

Ọ̀gá_Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ ọmọ níléèwé girama, ọ̀rọ̀ yìí sì kan èdè wa ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bàbá tó bí bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún lagi nílé ìlagi. Kò sí íápíìsì nígbà náà, ẹ̀rọ ìlagi ló ṣe tiẹ̀. Lẹ́nu ìgbà tí mo dàgbà, gbólóhùn tó máa ń sọ fún wa ni pé, "Mo ń gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín ni mi ò gbọ́." A máa ń rò pé ó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àyẹ̀wò etí pọ́nńbélé ni Bàbá ń ka fún wa.

Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo wọn wà nínú ohùn tó nípọn, ariwo kì í tètè jí ìyẹn kó. Ohun tó ń kọ́kọ́ lọ ni èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́: s, ṣ, f, t, k, àwọn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jáde lẹ́nu. Nítorí náà, bí dùndún ni Bàbá ṣe ń gbọ́ wa. Orin ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ délẹ̀, kọ́ńsónáǹtì ti jábọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ohun tí àyàn ń sọ tẹ́lẹ̀ lè gbọ́ nǹkan mìíràn pátápátá nínú ìlù. Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ wá sílé, ó dúró lẹ́yìn Bàbá pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n fá a." Bàbá fò dìde lórí àga, ó ní, "Kí lo fẹ́ ṣá?" Fá, sá, ṣá, ohùn òkè ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí f àti ṣ bá ti kúrò nínú ẹ̀, irun fífá àti àdá kò yàtọ̀ mọ́. Onígbàjámọ̀ yẹn kò wá fún oṣù méjì.

Jagunlabí07

Mo ti kú 😂😂 Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Baba_Mushin

Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ fún mi ní ìdáhùn kan. Ìyàwó mi máa ń sọ pé mo ń dáhùn ohun tí kò bi mí. Lánàá ó ní òun ń lọ sọ́jà, mo ní kó má ṣe fi ata sí i.

Ọ̀gá_Olùkọ́

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ni tiyín wà, kì í ṣe ọwọ́ olùkọ́.

Ẹnjinnía_Ohùn

Kí n padà sọ́dọ̀ Àyọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kò pọn dandan kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo mọ ohun tó ń mú kí ẹ̀yin tó ń tẹ ọ̀rọ̀ máa yí ohùn sókè. Nínú ìpàdé kan náà, ẹnìkan á jókòó jìnnà sí fóònù tó ń gbohùn, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. O yí i sókè kí o lè gbọ́ ọ. Láìpẹ́, alága tó wà nídìí fóònù á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló máa ń gbá etí rẹ. Kó fáìlì náà sínú Audacity, áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, kí o tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lo Compressor, á fa ohùn àwọn tó ń pariwo wálẹ̀, ìwọ á wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè pa pọ̀ níwọ̀nba. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nínú fáìlì náà, Noise Reduction wà níbẹ̀. Gé ohùn nínípọn tó wà nísàlẹ̀ 100 Hz dànù (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe nípọn tàbí tẹ́ẹ́rẹ́ tó), ọ̀rọ̀ èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, húùn-húùn ló wà níbẹ̀. Ó máa yà ẹ́ lẹ́nu bí o ṣe máa gbọ́ ọ ní ìdajì fọ́líọ̀mù.

Èkejì, ra hẹ́dífóònù tó bo gbogbo etí. Kò pọn dandan kó jẹ́ olówó ńlá. Ẹ̀kẹta, kí fọ́líọ̀mù má fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìdajì, kí o sì bọ́ ọ kúrò létí fún ìgbà díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tí o bá bọ́ ọ, má wá lọ dúró ti jẹnẹrétọ̀ o.

Àdùkẹ́_Manchester

Kí o sì lọ bá ará ilé yẹn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni èéfín rẹ̀ ń pa.

Àyọ̀_Mókólá

Ará ilé yẹn kì í rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n mo máa lọ.

Àyọ̀_Mókólá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti padà dé.

Mo ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n tì mí mọ́ inú yàrá kékeré kan tó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ itọ́ tí mo ń gbé mì. Wọ́n fún mi ní bọ́tìnnì, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ bí mo bá ti gbọ́ "píì". Ibi tó nira jù ni pé wíìn tèmi ń ṣe bí píì tiwọn, mo tẹ bọ́tìnnì nígbà tí wọn ò tíì ṣe nǹkan kan, obìnrin tó ń ṣe é rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo àwa tó ń wá fún ọ̀rọ̀ yìí la máa ń ṣe é. Ìlà tó yọ jáde lórí ìwé lọ dáadáa láti òsì, ó dé 4000 Hz, ó já wálẹ̀ bíi kòtò títì, ó tún gòkè padà ní 8000. Níbi kòtò yẹn, ohùn ní láti le dé 35 dB kí etí ọ̀tún mi tó gbọ́ ọ, ti òsì dúró ní 25. Ó ní kòtò yẹn gan-an ni ariwo máa ń gbẹ́, pé èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n mo lè mú kí ó má jìn sí i. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Mo lọ bá ará ilé wa. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo ní Dádì, èéfín ló ń dà mí láàmú. Mi ò dárúkọ etí rárá. Wọ́n ní àwọn náà ti ń wúkọ́, pé wáyà ni kò gùn tó. Mo ra wáyà mítà 10 fún wọn, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ṣé ẹ gbà gbọ́ pé wọ́n rẹ́rìn-ín?

Mo ra hẹ́dífóònù tó bo etí. Compressor tí Ẹnjinnía sọ, ọjọ́ kejì ni mo mọ̀ ọ́n lò. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà nínú 15, tẹ́lẹ̀ 15 ni mo wà. Etí mi kì í dí nírọ̀lẹ́ mọ́. Wíìn ṣì wà lóru, mo máa ń tan fáànù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mi ò kì í gbọ́ ọ kí oorun tó gbé mi lọ.

Nọ́ọ̀sì_Etí

O ṣeun tí o padà wá sọ fún wa. Fáànù yẹn gan-an là bá ní kí o lò. Kẹ́hìndé ńkọ́, Ìyá Ìbejì?

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú

Ìdọ̀tí ni, Nọ́ọ̀sì! Wọ́n fọ̀ ọ́ jáde, ó tó èso ìrẹsì mẹ́ta. Ó ń gbọ́ ohun tí mi ò fẹ́ kó gbọ́ báyìí. Mo ti ti fọ́líọ̀mù pa, Mama sì ti ju ìyẹ́ adìẹ nù, ó ní òun á tọ́jú ọ̀kan fún etí tòun.

Jagunlabí07

Àyọ̀, owó tí mo ní ó ń bọ̀ yẹn ńkọ́? Ó ti dé?

Àyọ̀_Mókólá

Ó dé. Mo ti fi ra hẹ́dífóònù àti wáyà mítà 10.